Ilé Ìdáná Ìyá Ọkọ Mi ní Kowloon

Ẹni tó bá sọ fún yín pé ohùn mẹ́ta tí Yorùbá ní yóò jẹ́ kí Cantonese rọ̀ yín lọ́rùn, ìdajì òótọ́ ló sọ.

Cantonese ni ìyá ọkọ mi ń sọ, wọn kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Àṣẹ ni wọ́n fi ń dáná: fọ eléyìí, gé ìyẹn, pa iná. Ohùn mẹ́fà ni Cantonese ní, nọ́ńbà ni a sì fi ń sàmì sí wọn nínú ìlànà Jyutping, tí àwọn onímọ̀ èdè Hong Kong gbé jáde ní 1993. Sik1 fo2 ni “pa iná”. Sik6 ni “jẹ”. Ọ̀kan lókè, ọ̀kan nísàlẹ̀: etí ọmọ Yorùbá kì í ṣi irú ìyẹn gbọ́. Ohùn kejì tó ń gòkè ló fún mi níṣẹ́, ilé ìdáná sì kún fún un: sai2, kí o fọ̀ ọ́, zaam2, kí o gé e teegun-teegun, zyu2, kí o sè é. Ìgbà tí mo gbọ́ ọ nínú “yìí” tiwa ni ahọ́n mi tó rọ̀.

Síbẹ̀, ohùn kọ́ ló le jù. “Dín” ni mo gbé dé ilé wọn, Màmá sì fọ́ ọ sí mẹ́ta mọ́ mi lọ́wọ́. Bí òróró bá pọ̀ bíi ti àkàrà, zaa3 ni. Bó bá jẹ́ díẹ̀, tí ẹja kàn sùn lé e lórí, zin1. Bí iná bá ń jó gan-an, tí ṣíbí kò sinmi, caau2. (Ẹni tí wọ́n lé níbi iṣẹ́ pàápàá, wọ́n á ní ọ̀gá rẹ̀ ti caau2 rẹ̀!) Bó bá jẹ́ ooru omi nìkan ló ń mú oúnjẹ jinná, zing1. Àwa náà ń ṣe bẹ́ẹ̀ fún mọ́ín-mọ́ín, àmọ́ “sè” là ń pè é. Mo pa ìwé tí mo ń kọ ìtumọ̀ sí tì, mo bẹ̀rẹ̀ sí í wo ọwọ́ Màmá.

Lo2 lai4 dùn mọ́ mi. Mú wá: ọ̀rọ̀-ìṣe méjì tó so kọ́ra, gẹ́lẹ́ bíi tiwa. Ṣùgbọ́n “ń” àti “ti” tí àwa ń fi síwájú, ẹ̀yìn ni tiwọn ń wà: caau2 gan2, mo ń dín in lọ́wọ́, caau2 zo2, mo ti dín in. Ó pẹ́ kí ẹnu mi tó gbà fún ìyẹn.

Ní báyìí, láti inú yàrá ni Màmá ti ń rán mi níṣẹ́. Lou5 fo2 tong1, ọbẹ̀ olómi tí iná jẹ́jẹ́ ń sè fún ọ̀pọ̀ wákàtí, nìkan ni wọn ò tíì jẹ́ kí n dá sè. Wọ́n ní mi ò ní sùúrù.