Ìpáàrà Tó Ń Gbé Iná

Kí iná ìjọba tó dé ọ̀pọ̀ abúlé ilẹ̀ Ìkálẹ̀, bátìrì la gbójú lé. Òun ló wà nínú rédíò tí a fi ń gbọ́ Ìbàdàn, òun ló wà nínú tọ́ọ̀ṣì tí àwọn ọdẹ ń dè mọ́rí, láìsí i, ọkọ̀ tó ń kó ẹyìn kò lè gbéra.

Iṣẹ́ ṣíṣáàjì bátìrì ni mo kọ́ ní Òkìtìpupa. Àwọn awakọ̀ á gbé bátìrì tó ti kú wá láàárọ̀, a ó ṣí ọmọrí rẹ̀, a ó bu omi kún un, a ó so wáyà mọ́ ọn, ẹ̀rọ á sì máa kùn títí ilẹ̀ ọjọ́ kejì yóò fi mọ́. Bó bá ti fẹ́ kún, omi inú rẹ̀ á máa hó. Kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ ṣáná nítòsí nígbà náà, nítorí afẹ́fẹ́ tó ń jáde níbẹ̀ a máa bú gbàmù.

Ọ̀gá mi tú èyí tó ti bàjẹ́ kan fún mi wò. Yàrá mẹ́fà ló wà nínú rẹ̀, àwo òjé pẹlẹbẹ sì tò sínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Àwọn kan ní àwọ̀ eérú, àwọn yòókù pọ́n dúdú bí obì gbígbẹ. Èyí tó pọ́n yẹn ni òjé tí ọ́síjìn ti wọ̀ lára, mọ̀lẹ́bí ìpáàrà tó ń jẹ ọkọ́ àti àdá wa lóko. Bí iná bá ń jáde, ásíìdì tó wà nínú omi bátìrì á sọ irú àwo méjèèjì di funfun. Ṣíṣáàjì ló ń lé funfun náà kúrò. Bí a bá pa bátìrì tó ti kú tì fún ọ̀pọ̀ oṣù, funfun yẹn á le koko, kò ní gbóògùn mọ́. Ọ̀gá mi kì í jẹ́ kí ọmọdé fọwọ́ kan nǹkan wọ̀nyí, nítorí májèlé ni òjé, ọpọlọ ọmọ ló sì máa ń bà jẹ́.

Ará Faransé kan, Gaston Planté, ló kọ́kọ́ ṣe irú bátìrì yìí ní 1859. Léraléra ló ń fi iná sí òjé, tó tún ń fà á jáde, kí ìpáàrà tó mú un dáadáa. Ní 1881, Camille Faure po ìpáàrà náà bí ẹ̀kọ, ó sì fi rẹ́ òjé lára. Ìyẹn ló sọ ọ́ di ọjà tó kárí ayé.

Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, ẹ ò ní gbàgbé bọ́ọ̀dù ilé ìwé! Tíṣà á ní ká mú ewé kókò, èédú àti bátìrì tọ́ọ̀ṣì tó ti kú wá, a ó gún gbogbo rẹ̀ pọ̀, a ó fi kun bọ́ọ̀dù. Ẹ̀tù dúdú inú bátìrì yẹn, manganese tí ọ́síjìn wọ̀ ni, pẹ̀lú èédú. Georges Leclanché ló kọ́kọ́ fi wọ́n ṣe bátìrì ní 1866. Bó bá rẹ bátìrì tọ́ọ̀ṣì tán, a ó sá a sóòrùn, rédíò á tún sọ̀rọ̀ díẹ̀ lálẹ́.

Ní Yunifásítì Oxford, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì kan, John Goodenough, lo cobalt tí ọ́síjìn wọ̀ nínú bátìrì ní 1980, ohun tó wà nínú bátìrì ọ̀pọ̀ fóònù nìyẹn. Ní 1983, òun àti Michael Thackeray padà sórí manganese wa àtijọ́. Ẹni ọdún 97 ni Goodenough nígbà tó gba ẹ̀bùn Nobel ní 2019. Orí mi wú nígbà tí mo gbọ́.

Ilẹ̀ pupa tí à ń tẹ̀ ní Òkìtìpupa yìí, ìpáàrà irin ló pa á láró. Àwọn onímọ̀ ti ń dán irú ìpáàrà irin bẹ́ẹ̀ wò nínú bátìrì. Bí mo bá rí àwọn ọmọ tó ń kọ́ kẹ́mísírì ní Yunifásítì Olúṣẹ́gun Àgàgú, ohun tí mo máa ń bi wọ́n ni pé: ta ni nínú yín tó ti bu ilẹ̀ yìí lọ sí yàrá ìwádìí?