Ọmọ Ìsí?

Bí ẹ bá fẹ́ mọ bí ọmọdé ṣe pọ̀ tó ní àdúgbò kan l'Ékòó, ẹ dúró de ọjọ́ ìdìbò. Ní Sátidé, ọjọ́ 25 oṣù Kejì ọdún 2023, tí a dìbò yan ààrẹ, wọ́n ní kí ọkọ̀ má rìn. Ọjọ́ ò tíì mú tí títì ti di pápá. Òkúta méjì níhìn-ín, bàtà sílípáàsì méjì lọ́hùn-ún, ó ti di "monkey post" nìyẹn. Àwọn ọmọ tú jáde bí èsúnsún lẹ́yìn òjò.

Kò bẹ̀rẹ̀ lónìí. Àwọn tó dàgbà l'Ékòó á rántí Sátidé tó máa ń kẹ́yìn oṣù, láti aago méje sí mẹ́wàá àárọ̀, tí kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ rìn, tí oníkálukú ń gbálẹ̀, tó ń ko gọ́tà. Ìjọba rò pé ìmọ́tótó ni wákàtí mẹ́ta yẹn wà fún. Àwọn ọmọ mọ̀ pé bọ́ọ̀lù ni. Nígbà tí ìjọba Èkó fagi lé òfin má-rìn yẹn ní oṣù Kọkànlá ọdún 2016, ọlọ́jà yọ̀, onímọ́tò yọ̀. Ta ló bi àwọn ọmọ? Ìdí nìyẹn tí mo fi máa ń jiyàn tí wọ́n bá ní kò sílẹ̀ ìṣeré l'Ékòó. Ilẹ̀ wà jàre. Mọ́tò ló wà lórí ẹ̀.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ mọ́tò nìkan kọ́. Ìdó-Ilé-Èkìtì ni wọ́n ti tọ́ mi, lápá Arámọkọ, mi ò sì ní purọ́ fún yín pé wọ́n ṣe pápá kankan fún wa níbẹ̀. Iwájú ilé la ti ń ṣeré, níbi tí wọ́n ń sá kòkó sí. Bí kòkó bá wà nílẹ̀, àwa là ń lé ewúrẹ́. Bí wọ́n bá ti kó o, a ti ya ṣúwè síbẹ̀. Àwọn ọmọkùnrin á máa fi igi lé táyà sọ̀ kalẹ̀ gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, ẹni tí tiẹ̀ bá wọ oko gbáàgùdá, ó di kó lọ wá a. Àwọn ọmọbìnrin á máa ṣe tẹ́ń-tẹ́ń. Bí òṣùpá bá yọ, bojúbojú dé nìyẹn.

Ewu wà o. Ejò wà, kànga wà, ọkọ̀ akérò ń sáré kọjá. Ohun tó jẹ́ kí ìyá wa lè lọ oko kó sì fọkàn balẹ̀ ò ju ìbéèrè kan lọ. Ibi yòówù kó o sáré dé, ìyá arúgbó kan á gbójú sókè níbi tó ti ń bó ẹ̀gúsí, á ní, "Ọmọ ìsí?" Ọmọ ta ni ọ́, ló ń bi ẹ́ yẹn. Tó o bá ti dárúkọ bàbá ẹ, ọwọ́ ẹ̀ lo wà nìyẹn: ó lè fún ẹ níṣu jẹ, ó lè nà ẹ́ kí ìyá ẹ tún wá dúpẹ́. (Nínà yẹn máa ń pọ̀ jù nígbà mìíì, mi ò ní gbè é lẹ́yìn.)

Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé tí Nàìjíríà ṣe lọ́dún 2003 sọ ọ́ ní abala 12 pé ọmọ lẹ́tọ̀ọ́ sí ìsinmi àti eré. Ó dáa. Ta ni yóò jókòó síwájú ilé? Níbi tí mò ń gbé n'Ípájà báyìí, ògiri ga, wáyà wà lórí ògiri, mègáàdì nìkan ló mọ orúkọ àwọn ọmọ.

Ẹ má sì rò pé ilé ṣì rí bó ṣe rí. Ní oṣù Kìíní ọdún 2024, àwọn ajínigbé dá ọkọ̀ ilé-ìwé dúró l'Émùré-Èkìtì, wọ́n kó àwọn ọmọ àti olùkọ́ wọn lọ. Ọjọ́ yẹn kan náà ni wọ́n pa ọba méjì n'Ékìtì. Nǹkan bí ọjọ́ mẹ́fà ni kí àwọn ọmọ tó dé. Láti ìgbà náà, ìyá mi kì í jẹ́ kí ọmọ-ọmọ ẹ̀ kọjá ẹnu ọ̀nà tó bá ti di aago mẹ́fà. Wọn ò béèrè pé ọmọ ìsí mọ́. Ohun tí wọ́n ń béèrè ni pé, ìsí ló wà lórí ọ̀kadà yẹn?

Òpópó tiwa n'Ípájà ò já síbì kankan. Lọ́dún tó kọjá, èmi àti aládùúgbò méjì gbé dúrọ́ọ̀mù dí ẹnu ẹ̀ lọ́jọ́ Sunday, aago mẹ́rin sí mẹ́fà. Láńlọ́ọ̀dù kan bínú nítorí mọ́tò rẹ̀, mi ò sì bá a jà: bọ́ọ̀lù fọ́ dígí ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ ẹ̀ lọ́sẹ̀ kejì, a dáwó, a san án. Àdéhùn wa ni pé àgbà mẹ́ta gbọ́dọ̀ gbé àga síta, kì í ṣe kí wọ́n máa yọjú láti fèrèsé.

Ọ̀sẹ̀ kẹta ni ọmọ kan ṣubú, orúnkún ẹ̀ bó. Mo fomi ṣan án fún un, mo ní, "Ọmọ ta ni ọ́?"

Ó wò mí títí.

"House 14, sà."