Láti Ojú Pátákó dé Orí Òrùlé

Àwa mẹ́ta ni a jọ ń kọ́ni ní físíìsì ní ilé ẹ̀kọ́ girama kan ní Kútọnu. Fún ọdún 11, àìmọye ìgbà ni a kọ òfin Ohm sí ojú pátákó. Àwọn ọmọ há a sórí, wọ́n yege ìdánwò BEPC, a sì rò pé iṣẹ́ wa pé.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, iná lọ bí ọ̀kan nínú wa ti ń ṣàlàyé bí iná mànàmáná ṣe ń gba inú wáyà kọjá. Ọmọbìnrin kan dìde, ó ní: “Ẹ jọ̀ọ́, Olùkọ́, ṣé ẹ lè bá wa dá a padà?” Gbogbo kíláàsì rẹ́rìn-ín. Àwa kò lè dá a padà. Ìbéèrè yẹn bá wa délé.

A kò ní purọ́: owó wákàtí tí a ń gbà, tí kì í wọlé nígbà ìsinmi gígùn, wà lára ohun tí ó lé wa. Ṣùgbọ́n ìtìjú ọjọ́ yẹn ni ó kọ́kọ́ gbé wa dìde. Ìyá ọ̀kan nínú wa ní Pọ̀bẹ́ sunkún. Ó ní: “Ẹ̀yin ọmọ mi, gbogbo ìlú ní ń kí yín ní olùkọ́. Ṣé agunrùlé ni ẹ wá fẹ́ dà?”

A lọ kọ́ ẹ̀kọ́ ẹ̀rọ iná ní Abomey-Calavi. Ọmọ tí a ti fún ní òdo rí ni ó jókòó tì wá. Òun ni ó kọ́ wa bí a ṣe ń fi kọ̀ǹpútà ya àwòrán wáyà ilé. Síbẹ̀, “Olùkọ́” ni ó ń pè wá.

Orí òrùlé kọ́ wa ní ohun tí pátákó kò sọ. Pánẹ́ẹ̀lì oòrùn ní ìlú wa gbọ́dọ̀ kọjú sí gúúsù, kí ó sì dagun díẹ̀, kí òjò lè fọ eruku ọyẹ́ kúrò lára rẹ̀. Ní Fidjrossè, atẹ́gùn òkun a máa jẹ irin. Ẹni tí ó bá lo ìṣó lásán yóò padà wá tún iṣẹ́ ṣe.

Ní 2022, ibùdó iná oòrùn Illoulofin bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní agbègbè Pọ̀bẹ́, pẹ̀lú agbára mẹ́gáwáàtì 25. Ìyá pè wá: “Ṣé irú èyí ni ẹ ń ṣe?” A ní: “Tiwa kéré sí i, Ìyá, ṣùgbọ́n oòrùn kan náà ni.” Láti ìgbà náà, kò sunkún mọ́.

Ọ̀kan nínú wa ti padà sí kíláàsì. A kò bú u. Olùkọ́ ni Georg Ohm fúnra rẹ̀ ní Cologne, ní Jámánì, nígbà tí ó ṣe ìwádìí tí ó gbé jáde ní 1827. Ọ̀rẹ́ wa a máa gbé pánẹ́ẹ̀lì kékeré kan àti gílóòbù kan wọ kíláàsì. Bí iná bá lọ, àwọn ọmọ fúnra wọn ní ń so wáyà pọ̀.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Ẹni tí ó bá yí iṣẹ́ padà kò gbọ́dọ̀ sọ ti àná nù: ṣọ́ọ̀kì ni ó kọ́ ọwọ́ wa ní sùúrù tí a fi ń di wáyà mú.