Ìbọn Tí Apá Wa Ká

Ọ̀yà ti jẹ ẹ̀gẹ́ tí a fẹ́ fi sanwó ilé-ìwé àwọn ọmọ. Ni a bá jókòó lórí ọ̀rọ̀ ìbọn nínú agbo-ilé wa ní Bẹẹrẹ. Àbúrò wa fẹ́ ìbọn ọlọ́ta wẹ́wẹ́ tí ń dún léraléra láìtún un kì. Apá wa kò ká a. Òfin ìbọn ọdún 1959 pàápàá yọ irú rẹ̀ kúrò lára èyí tí ọlọ́pàá lè fún ọdẹ níwèé àṣẹ. Ẹlẹ́nu méjì dára, ṣùgbọ́n owó ọta rẹ̀ ńkọ́? Ó ku ṣakabùlà, òun náà kò sì gbọdọ̀ ṣàìníwèé. Ẹnu la ti ń ki ẹ̀tù sí i. Bí òjò bá bá ẹ̀tù, ọ̀yà ti lọ. Àbúrò wa rojú. Ìyá wa nawọ́ sí àwọn ọmọ tí ń sáré ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, wọ́n ní èyí tó ń pẹ́ kó tó dún ni àwọn fẹ́.