Bí Mo Ṣe Rí Ẹyẹ Pẹ́ńgúìn Nítòsí

Àwọn àgbà ní bí ènìyàn bá rìn jìnnà, yóò rí abuké ọ̀kẹ́rẹ́. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2024, èmi náà rìn jìnnà: mo bá ọkọ̀ ojú omi dé Àǹtákítíkà, ilẹ̀ yìnyín tí ó wà ní òpin ayé níhà gúúsù. Ọmọ mi obìnrin tí ó ń ṣiṣẹ́ ní Lọ́ńdọ̀nù ni ó sanwó ọkọ̀ fún mi nígbà tí mo fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́.

Ìlú Ushuaia ní orílẹ̀-èdè Ajẹntínà ni a ti wọkọ̀. Ọjọ́ méjì gbáko ni a fi la òkun kọjá, tí ìgbì ń jù wá sọ́tùn-ún sósì bí ẹni ń ku èlùbọ́. Nígbà tí a dé, a fi oògùn apakòkòrò fọ bàtà wa kí a tó fẹsẹ̀ kan ilẹ̀, nítorí àrùn kan tí ń pa ẹyẹ ti wọ ibẹ̀. Oṣù Kejì ọdún 2024 ni wọ́n rí i dájú lórí ilẹ̀ náà. Nítorí àrùn yìí, a kò gbọdọ̀ jókòó tàbí kúnlẹ̀. Ènìyàn 100 péré ni òfin gbà láyè láti sọ̀ kalẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, a sì gbọ́dọ̀ fi mítà 5, ó kéré tán, jìnnà sí ẹyẹ.

Ní erékùṣù Cuverville, ẹyẹ pẹ́ńgúìn pọ̀ lọ bí èrò ọjà. Ẹyẹ yìí kò lè fò, ṣùgbọ́n ó ń lúwẹ̀ẹ́ bí ẹja. Òkúta wẹ́wẹ́ ni ó fi ń kọ́ ìtẹ́ rẹ̀. Ẹ̀yin òǹkàwé mi, olè ni wọ́n o! Bí ọ̀kan bá yíjú padà, aládùúgbò rẹ̀ ti gbé òkúta kan lọ.

Ọkùnrin kan nínú wa ń kùn pé owó ńlá ni òun san, èé ṣe tí òun yóò fi dúró lókèèrè bí ẹni tí a kò pè síbi ìnáwó? Afinimọ̀nà wa rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ọkọ̀ ni ẹ sanwó fún, ẹ kò sanwó fún ẹyẹ." Kò tíì dákẹ́ tí pẹ́ńgúìn kan fi ń gòkè bọ̀ láti etí omi, òkúta kan wà lẹ́nu rẹ̀. Afinimọ̀nà ní kí a má ṣe mira. Ẹyẹ náà dúró, ó wò wá, ó sì gba ẹ̀gbẹ́ ẹsẹ̀ mi kọjá. Mo rí ìkán omi lára ìyẹ́ rẹ̀. Ó gbé òkúta náà síwájú ẹnìkejì rẹ̀ tí ó sàba lórí ẹyin, ó sì tẹríba fún un. Ẹnikẹ́ni nínú wa kò lè sọ̀rọ̀.

Kí a tó padà sínú ọkọ̀, afinimọ̀nà bẹ̀rẹ̀ sí í fi yìnyín dí ojú ẹsẹ̀ wa, nítorí pẹ́ńgúìn lè já sínú ihò bẹ́ẹ̀ kí ó má lè jáde mọ́. Ọkùnrin tí ó ń kùn lẹ́ẹ̀kan ni ó kọ́kọ́ bá a dí i.

Nítorí náà, ẹ̀yin òǹkàwé mi, bí ẹ bá fẹ́ rí ẹranko dáadáa, ẹ má lé e. Ẹni tí ó bá lé e, ẹ̀yìn rẹ̀ ni yóò rí. Ẹ dúró jẹ́ẹ́ bí àlejò tí ó mọ̀wà hù. Bí onílé bá fẹ́, yóò fúnra rẹ̀ wá kí yín.