Ẹni tí A Ní Kí Ó Lọ Sinmi

Àwa ọmọ ẹgbẹ́ akọrin ni a ń sọ̀rọ̀ níhìn-ín, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹnì kan nínú wa, tí ó jẹ́ olùkọ́ èdè Faransé ní CEG, ni ó di gègé mú. Ó kà á sí wa létí lẹ́ẹ̀mejì. Àwọn kan ní kí ó yọ gbólóhùn kan kúrò, àwọn mìíràn ní kí ó fi òmíràn kún un. Àwa mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni a wà nínú ẹgbẹ́. Ẹni méjì ní kí a má ka àwọn mọ́ ọn, nítorí náà mọ́kàndínlọ́gbọ̀n ni ẹ ń gbọ́ ohùn wọn yìí.

Ọmọ ìjọ Àgùdà ni wá, ní agbègbè Kétu. A kò ní dárúkọ ìlú wa, a kò sì ní dárúkọ ọkùnrin tí ọ̀rọ̀ yìí dá lé lórí. Ọ̀gá Orin ni a máa ń pè é. Aránṣọ ni. Ọdún mọ́kànlá ni ó fi kọ́ wa lórin láìgba owó lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Kí ó tó dé, orin tí a ń kọ kò bá ohùn èdè wa mu. Àwọn tí ó tú u láti inú èdè Faransé gbé ọ̀rọ̀ Yorùbá ka orí ohùn àjèjì, wọ́n sì fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ìgbà ni ó wà nínú ìwé, igbá ni ó ń jáde lẹ́nu wa. Ọ̀gá Orin yóò gbé ìka kan sókè, gbogbo wa yóò dákẹ́, yóò sì bèèrè pé: “Ta ni ó gbé igbá wá sí ilé Olúwa?” A ó rẹ́rìn-ín, a ó tún un kọ. Ọ̀pọ̀ nínú wa ni kò mọ̀ pé èdè tí a ń sọ láti kékeré ní òfin nínú, àfi ìgbà tí ó fi ìka yẹn hàn wá. Olùkọ́ tí ó ń kọ ọ̀rọ̀ yìí jẹ́wọ́ pé òun lọ sí yunifásítì, òun gba ìwé-ẹ̀rí licence, ṣùgbọ́n ọ̀dọ̀ aránṣọ ni òun ti kọ́ àmì ohùn.

Ó ti lé ní ẹni ogójì ọdún, kò sì níyàwó. Àwọn ìyá ìjọ a máa bá a wá ọmọge. Yóò dúpẹ́, yóò rẹ́rìn-ín, yóò sì mú ọ̀rọ̀ mìíràn wá. Ṣé a mọ̀? A mọ̀, a kò sì mọ̀. Ohun tí ẹnu kò tíì sọ, a gbà pé etí kò tíì gbọ́ ọ. Èdè wa ní ọ̀rọ̀ tí àwọn ènìyàn fi ń pe ọkùnrin tí ọkàn rẹ̀ ń fà sí ọkùnrin, ṣùgbọ́n èébú ni, a kò sì ní kọ ọ́ sínú ìwé yìí.

Ní ọjọ́ 18 oṣù Kejìlá ọdún 2023, ìwé kan ti Róòmù jáde, tí a ń pè ní Fiducia supplicans. Póòpù François fọwọ́ sí i. Ìwé náà sọ pé bí ènìyàn méjì bẹ́ẹ̀ bá jọ tọ àlùfáà wá fún àdúrà, ó lè súre fún wọn ní ráńpẹ́, láìsí ètò ìsìn, láìsí ohunkóhun tí ó jọ ti ìgbéyàwó. Ó sì tẹnu mọ́ ọn pé ẹ̀kọ́ Ìjọ nípa ìgbéyàwó kò yí padà. Nígbà tí ó fi máa dé orí fóònù wa, ó ti di: “Póòpù ní kí ọkùnrin máa fi ọkùnrin ṣe aya.” Àwọn ọ̀rẹ́ wa tí wọ́n jẹ́ mùsùlùmí fi wá ṣe yẹ̀yẹ́ ní ọjà. Àwọn ará ìjọ aládùúrà ní kí a máa bọ̀ lọ́dọ̀ àwọn. Ojú tì wá, kí a má parọ́.

Nítorí náà, nígbà tí lẹ́tà àwọn bíṣọ́ọ̀bù Áfíríkà àti Madagásíkà jáde láti Accra ní ọjọ́ 11 oṣù Kínní ọdún 2024, tí Kádínà Fridolin Ambongo ti Kinshasa fọwọ́ sí i, ara tù wá. Lẹ́tà náà sọ pé irú ìsúre bẹ́ẹ̀ kò ní wáyé nínú àwọn ìjọ ilẹ̀ Áfíríkà, pé yóò da àwọn onígbàgbọ́ lójú rú, pé kò sì bá àṣà wa mu. Nígbà tí a kéde rẹ̀ lẹ́yìn Mísà, gbogbo ilé pàtẹ́wọ́. Ọ̀gá Orin jókòó nídìí dùùrù, ó ń wo ìwé orin rẹ̀.

Lẹ́tà kan náà sọ pé kí a máa fi ọ̀wọ̀ àti iyì bá irú àwọn ènìyàn bẹ́ẹ̀ lò. Ìwé Kátíkísìmù tí ó jáde ní 1992 wí bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú: ní ẹsẹ 2357, ó ní Ìjọ kò lè fọwọ́ sí ìbálòpọ̀ náà, ní ẹsẹ 2358, ó ní kí a gba àwọn ènìyàn náà pẹ̀lú ọ̀wọ̀ àti àánú, kí a má sì yà wọ́n sọ́tọ̀ lọ́nà àìtọ́. Ẹsẹ méjèèjì tẹ̀lé ara wọn. Àwa dúró sórí ti àkọ́kọ́, a kò kà dé ìkejì. Olùkọ́ wa ti kà á dé ìkejì. Ó ti ka gbogbo rẹ̀ ní èdè Faransé nílé, ó mọ ohun tí ó wà níbẹ̀, kò sì là ẹnu rẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ ni ó ní kí èyí má ṣe kúrò nínú ohun tí a ń kọ.

Ní Ọjọ́bọ̀ tí ó ṣáájú Ọjọ́rú Eérú, a pe ìpàdé. Àlùfáà kò pàṣẹ kankan. Ó ní kí ẹgbẹ́ yanjú ọ̀rọ̀ ara rẹ̀. Alága wa bi Ọ̀gá Orin bóyá òótọ́ ni ohun tí àwọn ènìyàn ń sọ. Ó pẹ́ díẹ̀ kí ó tó dáhùn. Ó ní: “Bí mo ṣe rí nìyẹn. Mi ò ba ọmọ ẹnikẹ́ni jẹ́, mi ò sì purọ́ fún ẹnikẹ́ni nínú yín. Ẹ ò bi mí rí ni.” Obìnrin kan bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún. Alága ní kí àwọn tí wọ́n gbà pé kí Ọ̀gá lọ sinmi díẹ̀ na ọwọ́ sókè. Gbogbo wa na ọwọ́, pẹ̀lú ẹni tí ó ń sunkún. Bẹ́ẹ̀ ni a ṣe gbé e kalẹ̀: sinmi díẹ̀. A kò lo ọ̀rọ̀ tí ó le jù bẹ́ẹ̀ lọ, inú wa sì dùn sí ara wa pé a kò lò ó.

Ó fi kọ́kọ́rọ́ dùùrù kọ́ orí ìṣó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn. Ó ní kí àwọn olóhùn òkè ṣọ́ra fún ìlà kẹta orin Ọ̀sẹ̀ Mímọ́, wọ́n ń yára jù. Ó sì jáde. Lẹ́yìn oṣù díẹ̀, a gbọ́ pé ó ti kó lọ sí Kútọnu.

Alága sọ ní alẹ́ ọjọ́ náà pé àṣà wa kò gbà á. Gbogbo wa mi orí. Lẹ́yìn náà ni a wá ń bi ara wa pé àṣà wo. Ní Kétu níhìn-ín, ọkùnrin a máa di gèlè, a máa so ọmú mọ́ àyà, láti fi Gẹ̀lẹ̀dẹ́ yẹ́ àwọn ìyá wa sí. Bí ẹnikẹ́ni bá wí pé èyí jẹ́ ẹ̀rí pé àwọn baba wa fọwọ́ sí ohun tí a ń sọ, ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò fẹsẹ̀ múlẹ̀; ìwúre fún àwọn ìyá ni Gẹ̀lẹ̀dẹ́, ọ̀tọ̀ ni ti ìfẹ́. Àwọn baba wa fẹ́ ọmọ, wọ́n sì ń fi dandan mú ènìyàn gbéyàwó. Ṣùgbọ́n ẹ̀wọ̀n ńkọ́? Ẹ wo Ìlárá, ìlú tí ààlà àwọn Òyìnbó là sí méjì. Ní ìhà Bẹ̀nẹ̀, kò sí òfin tí ó fi ẹ̀wọ̀n jẹ ọkùnrin méjì tí wọ́n ti dàgbà, tí wọ́n sì fẹ́ ara wọn. Ní ìhà Nàìjíríà, ìwé òfin tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì fi sílẹ̀ ti ń fìyà jẹ wọ́n tipẹ́, kí Ààrẹ Goodluck Jonathan tó fọwọ́ sí òmíràn ní oṣù Kínní ọdún 2014: ọdún 14 fún ẹni tí ó bá wọ inú irú ìgbéyàwó bẹ́ẹ̀, ọdún 10 fún ẹni tí ó bá fi irú ìbáṣepọ̀ náà hàn ní gbangba. Ní Tógò, ìwé òfin 2015 sọ pé ọdún kan sí mẹ́ta. Ọmọ Kétu kan náà, ẹbí kan náà, tí ó bá lọ kí àna rẹ̀ ní Ìmẹ̀kọ, àṣà rẹ̀ yóò ti yí padà kí ó tó sọ̀ kalẹ̀ lórí ọ̀kadà.

Ohun mìíràn tún wà tí ó ń dà wá láàmú. Àgùdà ni wọ́n ń pè wá, orúkọ tí ó bá àwọn tí wọ́n ti Brazil padà wá sí Porto-Novo àti Èkó rìn. Ní Bahia, ní òdìkejì òkun, Kétu ni wọ́n ń pe ọ̀kan nínú àwọn ìran ìsìn Candomblé tí ó tóbi jù lọ, nítorí àwọn ènìyàn wa tí a kó lẹ́rú lọ síbẹ̀. Ruth Landes, obìnrin ará Amẹ́ríkà kan, gbé ibẹ̀ ní 1938 sí 1939. Ó kọ ọ́ pé àwọn obìnrin ni ó ń ṣàkóso àwọn ilé ńlá àtijọ́, àti pé nínú àwọn ilé tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yọ, òun rí àwọn ọkùnrin tí wọ́n ń fẹ́ ọkùnrin, tí wọ́n sì jẹ́ olórí òrìṣà. Àwọn ọ̀mọ̀wé kan bínú sí i gidigidi nítorí èyí. Lónìí, ọ̀pọ̀ irú ènìyàn bẹ́ẹ̀ ni ó ní oyè nínú àwọn ilé Kétu ní Brazil. Wọ́n ń lu ìlù, wọ́n ń dá orin ní Yorùbá. A kò ní kí ẹnikẹ́ni fi ìsìn Àgùdà sílẹ̀ lọ bọ òrìṣà. Ó kàn ń yà wá lẹ́nu pé àwọn tí wọ́n gbé orúkọ ìlú wa lọ sí oko ẹrú rí àyè fún irú ọkùnrin yìí, tí àwa tí a kò kúrò nílé kò rí àyè kan nídìí dùùrù.

Ìyá rẹ̀ kò fi ìjọ sílẹ̀. Àga kẹta láti iwájú ni ó máa ń jókòó sí, lápá ọ̀tún. Bí a bá ń jáde, yóò ní: “Ẹ kú orin o, ẹ̀yin ọmọ mi.” Ní Ọjọ́ Àìkú kan, ó dá wa dúró, ó bèèrè láìbínú pé: “Ìsinmi yẹn, ìgbà wo ni yóò parí?” A ní: “Láìpẹ́, Ìyá.” Ó ní ó dára.

Ó kú ní oṣù Kẹjọ tí ó kọjá. Wọ́n ní ó ti sọ fún àwọn ọmọ rẹ̀ pé ẹgbẹ́ wa ni kí ó kọrin sin òun. A lọ. Ọ̀gá Orin wà láàrin àwọn ọmọ olókùú, nínú aṣọ tí ó dá wa lójú pé òun fúnra rẹ̀ ni ó rán an fún gbogbo wọn. Kò wo ọ̀dọ̀ wa. Nínú orin kejì, àwọn olóhùn òkè yára jù, ìgbà sì tún di igbá lẹ́nu wa, gẹ́gẹ́ bí ó ti máa ń rí láti ìgbà tí ó ti lọ. A rí i tí ó gbé ìka kan sókè, díẹ̀ báyìí, lórí orúnkún rẹ̀. A dúró. A tún un kọ.

Lẹ́yìn ìsìnkú, àwọn ọmọ olókùú wá dúpẹ́ lọ́wọ́ wa bí ó ti yẹ. Òun ni àkọ́bí, nítorí náà òun ni ó ṣáájú. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja níwájú wa lórí erùpẹ̀. Ó ní: “Ẹ ṣeun, ẹ ò ní fi irú èyí gbà á.” Kò sí ẹnikẹ́ni nínú wa tí ó lè ní kí ó dìde. Àbúrò rẹ̀ obìnrin ni ó fà á lọ́wọ́.

A ti kọ lẹ́tà sí i lẹ́ẹ̀mẹta. Ọwọ́ akọ̀wé ni gbogbo rẹ̀ wà, nítorí a kò tíì fẹnu kò lórí bí a ó ṣe bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Kọ́kọ́rọ́ dùùrù ṣì wà lórí ìṣó.