Iná Orí Àkùkọ

Láàárọ̀ ìgbà òtútù, orí adìyẹ ni ẹni tó ń sìn ín nílẹ̀ olótùútù kọ́kọ́ ń wò, kí ó tó wo oúnjẹ tàbí ẹyin. Ogbe tó pọ́n dẹ̀dẹ̀ fi hàn pé òru ọjọ́ náà rọgbọ. Èyí tí ṣóńṣó rẹ̀ funfun bí ẹfun, òtútù ti jẹ ẹ́. Tó bá ṣe díẹ̀, ṣóńṣó náà á dúdú, á gbẹ, á sì já bọ́. Àkùkọ ni ìyà yìí ń jẹ jù, torí ogbe tirẹ̀ ló tóbi jù.

Ìyókù ara adìyẹ kì í tètè gbọ́ òtútù. Ara rẹ̀ gbóná ju ti ènìyàn lọ, ó máa ń tó ìwọ̀n 41 lórí òṣùwọ̀n Celsius. Lábẹ́ ìyẹ́ tó le lókè, òmíràn wà tó rọ̀ bí òwú, tó ń há afẹ́fẹ́ gbígbóná mọ́ ara. Bí òtútù bá mú, adìyẹ á wú ìyẹ́ yìí títí á fi rí rogodo, á sì lóṣòó lé ẹsẹ̀ ara rẹ̀ lórí. Ìdí nìyí tí igi tó ń wọ̀ sí lálẹ́ fi gbọ́dọ̀ fẹ̀ kó sì tẹ́jú, kí àyà rẹ̀ lè bo ọmọ-ìka ẹsẹ̀ mọ́lẹ̀ pátápátá. Bí ilé bá gbẹ, tí atẹ́gùn kò sì fẹ́ lù ú, ọ̀pọ̀ adìyẹ tó síngbọnlẹ̀ ló ń la òru tí òtútù rẹ̀ já wálẹ̀ dé ìwọ̀n 20 lábẹ́ òdo já, láìsí pé ẹnikẹ́ni dáná fún wọn. Ogbe nìkan ni kò ní aṣọ.

Àlọ́ kan wà tí àwọn àgbà ń pa fún ọmọdé. Gbogbo ẹranko ló ń bẹ̀rù àkùkọ, torí wọ́n rò pé iná ló ń jó lórí rẹ̀. Ní ọjọ́ kan, iná kú ní ilé kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀. Wọ́n lọ tọrọ iná lọ́wọ́ àkùkọ, wọ́n bá a lójú oorun, wọ́n sì fi koríko gbígbẹ kan ogbe náà. Koríko kò ràn. Wọ́n fọwọ́ kàn án, ó tutù. Láti ọjọ́ náà ni kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ ti ń pa adìyẹ jẹ. Ọmọ tó gbọ́ àlọ́ yìí á gbà pé irọ́ ni iná orí àkùkọ. Ṣùgbọ́n igbó olóoru ti gúúsù ìlà-oòrùn Éṣíà ni adìyẹ ti ṣẹ̀, ẹyẹ kì í sì í làágùn. Nígbà tí ooru bá pọ̀, ẹ̀jẹ̀ gbígbóná máa ń ṣàn lọ sínú ogbe àti sínú awọ tó rọ̀ lábẹ́ àgbọ̀n, ooru á sì gba ibẹ̀ bọ́ sínú afẹ́fẹ́. Ogbe kì í ṣe iná lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó jẹ́ ọ̀nà tí iná inú adìyẹ ń gbà jáde. Ohun tó ń dá ẹ̀mí sí nínú igbó yẹn ni ohun tí yìnyín kọ́kọ́ ń mú.

Ní Oka, lẹ́bàá adágún kan ní ìwọ̀-oòrùn Montréal, ní ẹkùn Québec ti Kánádà, ajẹ́jẹ̀ẹ́ ìnìkàngbé kan tó ń jẹ́ Wilfrid Châtelain fi ọ̀rọ̀ yìí ṣe iṣẹ́ ọ̀pọ̀ ọdún. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún ló bẹ̀rẹ̀ sí í da ẹ̀yà adìyẹ oríṣiríṣi pọ̀: Cornish, Leghorn, Rhode Island Red, Wyandotte, Plymouth Rock. Adìyẹ tó ti inú rẹ̀ jáde ni Chantecler, tí ẹgbẹ́ àwọn tó ń sin adìyẹ nílẹ̀ Amẹ́ríkà fọwọ́ sí ní 1921. Ogbe rẹ̀ kò ju kókó kékeré kan tó lẹ̀ mọ́ agbárí. Awọ abẹ́ àgbọ̀n rẹ̀ kò fẹ́rẹ̀ẹ́ hàn. Ọgbọ́n Châtelain tóbi: kò wá bí iná yóò ṣe pọ̀ sí i, ibi tí iná ń gbà jò ló dín kù.

Ẹni tí kò ní Chantecler kò tíì pàdánù. Bí ogbe bá wà nínú afẹ́fẹ́ gbígbẹ, ó lè fara da òtútù púpọ̀. Afẹ́fẹ́ tó ní ọ̀rinrin ló ń ṣekú pa á, ọ̀rinrin náà kò sì ti òde wá. Èémí adìyẹ fúnra rẹ̀ ni, àti ìgbẹ́ rẹ̀. Àánú ló ń ṣe jàǹbá jù níbí: ẹni tí àánú bá ṣe á dí gbogbo ihò ilé, èémí á ṣù sókè àjà, á sì kán padà sórí àwọn tó ń sùn. Ihò afẹ́fẹ́ gbọ́dọ̀ wà lókè, ju orí adìyẹ lọ dáadáa, kó sì wà ní ṣíṣí ní gbogbo ìgbà òtútù. Bí gíláàsì fèrèsé bá lómi nínú láàárọ̀, ihò náà kò tó. Fásílìnì tí àwọn kan ń fi pa ogbe kò lè rọ́pò rẹ̀. Gílóòbù agbóná sì burú ju òtútù lọ, torí bó bá já lu èérún pákó tí a tẹ́ sílẹ̀, ilé àti adìyẹ á jóná pọ̀.

Ọ̀tọ̀ ni ti pẹ́pẹ́yẹ. Púpọ̀ nínú wọn wá láti ara pẹ́pẹ́yẹ igbó olórí aláwọ̀ ewé ti ìhà àríwá ayé, wọn kò sì ní ogbe. Nínú ẹsẹ̀ wọn, iṣan tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ gbígbóná sọ̀ kalẹ̀ fara ti èyí tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ tútù gòkè, ooru á sì ti ara ọ̀kan bọ́ sára èkejì kó tó dé àtẹ́lẹsẹ̀. Báyìí ni wọ́n ṣe ń dúró lórí yìnyín. Omi ni wàhálà wọn. Wọ́n gbọ́dọ̀ lè ri gbogbo orí bọmi, kí wọ́n fi fọ ojú àti imú, wọn á sì da ìyókù sílẹ̀ káàkiri. Nítorí náà, wọn kò gbọ́dọ̀ bá adìyẹ sun yàrá kan: ọ̀rinrin tí kò ṣe wọ́n ní nǹkan kan ni yóò pa ogbe aládùúgbò wọn. Ìta ni omi wọn ń wà, nínú ọpọ́n rọ́bà tí ènìyàn lè lù kí yìnyín rẹ̀ já, kí a sì máa bu omi gbígbóná sí i láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́.

Ẹyin adìyẹ náà á dín kù nígbà òtútù, torí ìmọ́lẹ̀ ojúmọ́ lóṣù Kejìlá kò tó wákàtí 9 ní Montréal, nígbà tí adìyẹ nílò bíi 14 kó tó yé déédéé. Èyí tó bá sì yé, ká tètè kó o kó tó dì kó sì là.

Pẹ́pẹ́yẹ kan ló yàtọ̀ sí àwọn tí a sọ lókè: èyí tó wọ́pọ̀ ní àgbàlá ilé Yorùbá, olójú pupa tó rí kókó-kókó. Ilẹ̀ olóoru ti Gúúsù àti Àárín Amẹ́ríkà ni tirẹ̀ ti ṣẹ̀. Ẹni tó bá ń wá pẹ́pẹ́yẹ bíi ti ilé lókè òkun lè mú un láìfura. Ojú pupa yẹn náà ń ṣe bí ogbe: òtútù ń jẹ ẹ́, ó sì ń jẹ ọmọ-ìka ẹsẹ̀ rẹ̀. Ibùsùn koríko gbígbẹ tó nípọn ló yẹ kó ní, àti ní ọjọ́ tí àwọn yòókù bá ń rìn lórí yìnyín, inú ilé ni kó wà.